Ojú àti Àgò: Ìtàn Iná Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ìbàràpá, àti Àfikún Iná tí ó Yẹ fún Ìrìn Ìgboro

1. Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń kọ̀wé lórí ètò ìrìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú irin àti ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni ètò ọrọ̀ ajé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ṣùgbọ́n ojú irin kò gba inú ìlú méjèèje Ìbàràpá kọjá. Ní Lánlátẹ̀, Ẹ̀rúwà, Ìgbò-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, orí ni a sì fi ń ru ẹrù. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere dé, òun ni ohun ìrìnnà ẹlẹ́rọ tí mẹ̀kúnnù lè dá ní fúnra rẹ̀, tí kò nílò epo, tí kò sì nílò awakọ̀.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, bí kò ṣe ohun kékeré kan tí a so mọ́ ọn, èyí ni iná. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ta ni iná kẹ̀kẹ́ wà fún? Ìdáhùn tí a óò gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra ni iná kẹ̀kẹ́ ń ṣe. Iṣẹ́ kìíní ni kí ológeere lè rí ọ̀nà. Èyí ni a óò pè ní iṣẹ́ ojú. Iṣẹ́ kejì ni kí àwọn ẹlòmíràn lè rí ológeere. Èyí ni a óò pè ní iṣẹ́ àgò. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ ojú ni àwọn tí ń ṣe iná àti àwọn tí ń rà á kà sí jù, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ àgò ni ó ń dá ẹ̀mí ológeere sí ní ìgboro. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan àfikún iná fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lónìí, ìtàn yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀.

2. Ìmọ́lẹ̀ àti àgò kí kẹ̀kẹ́ tó dé

Kí kẹ̀kẹ́ tó dé ni Yorùbá ti mọ̀ pé ìrìn òru ní ìlànà tirẹ̀. Ògùṣọ̀ àti àtùpà elépo ni wọ́n fi ń lé òkùnkùn sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹni tí ń rìn ni ìmọ́lẹ̀ náà ń wà, ojú ẹni náà ni ó sì wà fún, kí ó má baà tẹ ejò mọ́lẹ̀, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí ẹlòmíràn mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀, ohùn ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà onílé yóò ní, “Àgò o!” Onílé yóò sì dáhùn pé, “Àgò yà!” Aláàárù tí ó ru ẹrù wúwo la ọjà kọjá yóò máa ké pé, “Ẹ yàgò lọ́nà!”

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì nínú àgò. Èkíní ni pé ẹni tí ń bọ̀ ni ó ń ké e, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó wà fún. Èkejì ni pé ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹni tí ó ké e dé ibi tí ó ń lọ; àgò tí a ké lẹ́yìn tí a ti kọlu ènìyàn kì í ṣe àgò mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé àgò ń béèrè ìdáhùn: ẹni tí ó gbọ́ ọ ní ojúṣe láti yà.

Iná tí àwọn ọdẹ ń lò ni àpẹẹrẹ tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù lọ. Nígbà tí àtùpà kábáìdì dé, àwọn ọdẹ a máa dè é mọ́ iwájú orí. Bí omi bá ti ń kán sí orí kábáìdì, gáàsì a máa jáde, a ó sì tan iná sí i; ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì ń lọ jìnnà. Ọdẹ fẹ́ ríran, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹran rí òun. Ojú nìkan ni iná rẹ̀. Kò sí àgò nínú rẹ̀ rárá. Irú àtùpà kábáìdì yìí kan náà ni àwọn ológeere ní Yúróòpù ń so mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

3. Òfin ọdún 1888 àti iná iwájú

Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ó sì jẹ́ baba ńlá kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí. Ní ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ní ọdún 1888 yìí kan náà ni òfin ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ ọkọ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ológeere tan àtùpà láti wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di wákàtí kan kí ó tó yọ. Bí a bá yẹ òfin náà wò dáadáa, a óò rí i pé kò sọ pé kí àtùpà náà lè jẹ́ kí ológeere ríran. Ohun tí ó béèrè ni pé kí iná náà tó láti fi han àwọn ẹlòmíràn pé ọkọ̀ kan ń bọ̀, tàbí pé ó wà níbẹ̀. Òfin náà tún sọ pé kí ológeere lu aago tàbí kí ó fọn fèrè bí ó bá fẹ́ kọjá lára ẹlòmíràn. Ní kúkúrú, àgò ni àwọn aṣòfin ń sọ.

Síbẹ̀, iná iwájú nìkan ni òfin náà béèrè. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ní ọdún 1888, ẹṣin àti ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ni ó wà lójú títì. Kò sí ohun tí ó máa ń sáré lé ológeere bá láti ẹ̀yìn. Nígbà tí mọ́tò wá pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Láàárín ọdún 1920 sí ọdún 1940, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bóyá ó yẹ kí iná pupa ẹ̀yìn jẹ́ dandan fún kẹ̀kẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ológeere tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1878, Cyclists’ Touring Club, kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé awakọ̀ ni ó ni ojúṣe láti wo iwájú rẹ̀, àti pé bí a bá fi iná ẹ̀yìn ṣe dandan, ẹ̀bi ìjàǹbá yóò kúrò lọ́rùn ẹni tí ó pani, yóò sì bọ́ sọ́rùn ẹni tí a pa. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, tí a pa gbogbo iná ìlú nítorí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá, ni iná ẹ̀yìn di dandan.

Kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí sẹ́yìn. Bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n àgò, òtítọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé àgò láìsí àgò yà kò pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ké àgò kò lè retí ìdáhùn.

4. Dainámò: bí ẹ̀rọ ṣe gbè sẹ́yìn ojú

Kẹ̀kẹ́ tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ìgbà ìjọba amúnisìn, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, orúkọ bí i Raleigh ti ìlú Nottingham sì di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Akọ̀wé, olùkọ́, ajíhìnrere àti wolé-wolé ni a kọ́kọ́ ń rí lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ àti oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Iná tí ó bá a wá ni dainámò, ẹ̀rọ kékeré tí ó dà bí ìgò, tí orí rẹ̀ ń fi ara kan táyà, tí ó sì ń yí bí táyà bá ti ń yí. Kò béèrè kẹrosíìnì, kò béèrè bátìrì. Fún ẹni tí ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà tí kò sí iná, ohun ìyanu ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ṣe pín agbára dainámò. Wáàtì 3 ni ó sábà ń mú jáde. Nínú rẹ̀, wáàtì 2.4 ni gílóòbù iwájú ń gbà, wáàtì 0.6 péré ni ó kù fún gílóòbù ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé ìdá mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún lọ sí iṣẹ́ ojú, ìdá kan ṣoṣo ni ó wà fún iṣẹ́ àgò. Bí gílóòbù iwájú bá jó, gbogbo agbára náà yóò ya lu gílóòbù ẹ̀yìn, òun náà yóò sì jó láìpẹ́. Ní ìgbà òjò, nígbà tí omi àti ẹrẹ̀ bá bo táyà, orí dainámò a máa yọ̀, iná a sì máa ṣẹ́jú.

Àléébù tí ó burú jù ni pé bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná kú. Lójú ọ̀nà oko, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ẹni tí ó dúró kò nílò láti rí ọ̀nà. Ní ìgboro, ibi tí ológeere dúró sí láti dúró de àyè kí ó tó yà, ní àárín títì, níwájú àti lẹ́yìn mọ́tò, ni ibi tí ó ti nílò iná jù lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni dainámò ti ń fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti Lánlátẹ̀ wọ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, iná oko ni ó gbé wọ ìgboro.

5. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972

Títí di ọdún 1972, apá òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè yí padà sí apá ọ̀tún. A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ohun tí èyí túmọ̀ sí fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ó kan kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wà ní àárín tàbí ní apá ọ̀tún, nítorí pé apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà kọjá lára ológeere. Nígbà tí Nàìjíríà yí padà, apá òsì ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kọjá. Iná tí a ti so mọ́ apá ọ̀tún wá di iná tí ó kọjú sí etí igbó, tí ara ológeere àti ẹrù rẹ̀ sì lè bò mọ́ awakọ̀ lójú. Fún iṣẹ́ ojú, ìyípadà yìí kò ṣe nǹkan kan. Fún iṣẹ́ àgò, ó túmọ̀ sí pé a ń ké àgò sí ibi tí kò sí ènìyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 yìí náà ni Lánlátẹ̀ di ìlú tí a mọ̀ káàkiri nítorí ibùdó ìbánisọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì tí a kọ́ síbẹ̀, èyí tí a ń gbà bá òkè òkun sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ibùdó náà tí ó kan kẹ̀kẹ́: àmì tí a kò kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí ẹni tí yóò gbà á wà, asán ni, bí ó ti wù kí agbára rẹ̀ pọ̀ tó.

6. Òfin àti àmójútó ní Nàìjíríà

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1979, àti ti ọdún 1999 lẹ́yìn rẹ̀, fi fífún kẹ̀kẹ́ ní ìwé àṣẹ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kékeré, ọmọlanke àti bárò. Ibi tí a to kẹ̀kẹ́ sí yìí fi ojú tí àwọn aṣòfin fi wò ó hàn: ohun tí owó orí lè ti ara rẹ̀ wá ni, kì í ṣe ọkọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ̀. Ìwé àṣẹ fi hàn pé olówó kẹ̀kẹ́ ti san owó. Kò fi hàn pé awakọ̀ lè rí i lóru.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìgbésẹ̀ pàtàkì wáyé ní ọdún 1977 nígbà tí a dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kó ipa ribiribi nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988, Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àǹfààní àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ni pé wọ́n kọ́ awakọ̀ pé ó ní ojúṣe sí ẹlòmíràn. Ní èdè àpilẹ̀kọ yìí, wọ́n ń kọ́ ọ láti dáhùn pé “àgò yà”.

Ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni ọ̀kadà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìlú ńlá àti ìlú kékeré. Ológeere di ẹni díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ohun tí ó yára jù ú lọ. Mọ́tò tí ó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí i mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá lo ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ó tó mọ ohun tí ó wà níwájú, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ó ti rin mítà 44 kí mọ́tò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àgò tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó tó mítà 44 ti pẹ́ jù.

7. Yíyan àfikún iná

Lónìí, gílóòbù kékeré tí a ń pè ní LED ti yí ọ̀rọ̀ iná padà. Ọdún 1962 ni Nick Holonyak ṣe LED pupa tí ojú lè rí. Lẹ́yìn tí a ṣe aláwọ̀ búlúù tí ó mọ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 ni ti funfun tó ṣeé ṣe, iṣẹ́ tí ó mú kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014. Bátìrì kékeré lè gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kẹ̀kẹ́ ìbáà dúró, ìbáà máa lọ. Nítorí náà, àìtó agbára kì í ṣe àwáwí mọ́. Yíyàn ni ó kù.

Iná ẹ̀yìn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà. Kí ó jẹ́ pupa, kí ó ní bátìrì tirẹ̀, kí ó wà ní àárín tàbí ní apá òsì. Nítorí pé ológeere kò lè rí iná ẹ̀yìn ara rẹ̀, kò lè mọ ìgbà tí ó kú. Ìdí nìyí tí méjì fi sàn ju ọ̀kan lọ. Kí ọ̀kan máa tàn gbọnrangandan, kí èkejì máa ṣẹ́jú. Èyí tí ń ṣẹ́jú tètè ń fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣẹ́jú ni ó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ bí òun ti jìnnà sí i tó. Àwọn orílẹ̀-èdè kò fẹnu kò lórí èyí: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àyè gba iná tí ń ṣẹ́jú ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Jámánì kò fẹ́ ẹ lára kẹ̀kẹ́. Oríṣiríṣi àwọ̀ tí a ń so mọ́ ọ̀kadà fún ẹwà kò yẹ kẹ̀kẹ́, nítorí pé pupa lẹ́yìn àti funfun níwájú ni ó ń sọ fún awakọ̀ bóyá ẹni náà ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀.

Ẹrù ni ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ Ìbàràpá kì í sábà rìn lófìfo. Àpò gàrí, igi ìdáná tàbí kẹ́ẹ̀gì epo lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná tí a so sábẹ́ ìjókòó, ẹrù yóò bò ó. Kí a so ó mọ́ ìdí ẹrù, níbi tí ẹrù parí sí.

Gíláàsì pupa tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dára, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti mú un ní dandan lára kẹ̀kẹ́ tuntun láti àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n kí a rántí ojú ẹran nínú iná ọdẹ: kì í tàn àfi bí iná ọdẹ bá bá a. Bí mọ́tò tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò bá ní iná, tàbí bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni ó ti yọ, gíláàsì yìí kò ní sọ nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí kejì ni, kì í ṣe ẹlẹ́rìí kìíní.

Ọrùn ẹsẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1973, Gunnar Johansson ní ilẹ̀ Sweden fi hàn pé bí a bá so ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mọ́ oríkèé ara ẹni tí ń rìn nínú òkùnkùn, ojú ń tètè mọ̀ pé ènìyàn ni. Iná tàbí aṣọ tí ń dán ní ọrùn ẹsẹ̀ ológeere ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ó ń sọ fún awakọ̀ pé ènìyàn ni ó wà níwájú, kì í ṣe òpó.

Ọ̀sán kò yọ sílẹ̀ pátápátá. Ní ìlú Odense ní ilẹ̀ Denmark, láàárín ọdún 2004 sí 2005, a fún àwọn ológeere kan ní iná tí ń tàn tọ̀sán-tòru, a sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ní irú rẹ̀. Gbogbo wọn jẹ́ 3,845. Ìjàǹbá tí ó mú ìpalára wá fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín lọ́dọ̀ àwọn tí ó ní iná náà.

Iná iwájú ni ó gbẹ̀yìn, kì í ṣe pé kò wúlò, ṣùgbọ́n nítorí pé òun ni ológeere kì í gbàgbé. Kí a dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ìmọ́lẹ̀ pa lójú kò lè yàgò fúnni.

8. Ìgúnlẹ̀

Láti àtùpà kábáìdì dé dainámò, iná kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé ọgbọ́n oko: kí ẹni tí ó ni ín ríran. Ọgbọ́n náà kò burú níbi tí ó ti wá. Ọ̀nà oko ni a fi dán an wò, ó sì yege. Ìgboro ni ó yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ó ríran dáadáa lè kú sí ọwọ́ ẹni tí kò rí i. Kì í ṣe ohun àjèjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ ológeere bí a bá ní kí ó fi iná ẹ̀yìn ṣáájú; àgò tí àwọn baba rẹ̀ ń ké ní ẹnu ọ̀nà àti ní ọjà ni, tí a fi ìmọ́lẹ̀ ké dípò ohùn. Ìdajì iṣẹ́ náà ni ti ológeere. Ìdajì tí ó kù jẹ́ ti awakọ̀ àti ti ìjọba, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dáhùn pé àgò yà.